Iná Pupa Lára Ṣájà: Ọ̀rọ̀ Mọ́tò Oníná Kan ní Parakin, Ilé-Ifẹ̀

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù kìíní ọdún 2025, ọyẹ́ mú gan-an, eruku sì bo gbogbo Lágere níbi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà. Aago méje kò tíì lù tí Màmá fi pè mí. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, wá wo mọ́tò yìí fún mi. Kò gbaná mọ́jú, ilé sì ń rùn bí ìgbà tí èèyàn ń jó rọ́bà." Mo ní kí wọ́n lọ pa bréékà ńlá, kí wọ́n má fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì ṣájà rárá, pé mo ti wà lọ́nà.

Mo ń kọ ohun tí mo bá níbẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé mọ́tò oníná ti ń wọ ìlú wa díẹ̀díẹ̀, àwa oníṣẹ́ iná ni wọn yóò sì máa pè nígbà tí kò bá gbaná nílé. Mo tún rí ohun kan nínú ilé yẹn tí n kò fẹ́ kí oníṣẹ́ iná kankan tún ṣe sínú ilé ẹnikẹ́ni láé.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá. Nissan Leaf ni mọ́tò wọn, tokunbọ̀ láti Ìlú Ọba, lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde, tí bátìrì wọn ń gba yúníìtì 24 nígbà tí wọ́n wà ní tuntun. Yúníìtì tí à ń rà sí mítà ilé náà ni mò ń wí. Ọmọ Màmá ló rà á ránṣẹ́ nígbà tí owó epo ti kọjá ohun tí owó ìfẹ̀yìntì lè gbé, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023. Ẹ̀gbọ́n Màmá tí ara wọn kò yá wà ní Iléṣà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni Màmá sì ń lọ wò wọ́n. Àlọ àti àbọ̀ tó bí ọgọ́ta kìlómítà. Bátìrì náà ti gbó díẹ̀: nínú ìlà 12 tó ń fi bí ara bátìrì ṣe le tó hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, 9 ló kù. Síbẹ̀, bó bá kún, ó ń gbé wọn lọ, ó ń gbé wọn bọ̀. Kì í kún mọ́ ni ìṣòro.

Ṣájà tó bá mọ́tò náà wá jẹ́ àpótí kékeré kan láàárín wayà gígùn. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, oní-áńpì 13, wà ní orí kan rẹ̀. Orí kejì ń wọ imú mọ́tò. Áńpì 10 ló ń fà. Lórí fóòtì 230, ìyẹn jẹ́ wáàtì 2,300, bí áyọ́ọ̀nù méjì tí a tàn pọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi áyọ́ọ̀nù méjì lọṣọ fún wákàtí mẹ́jọ láìsinmi? Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ilé tó ti ń lo iná láìsí wàhálà láti ogún ọdún fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í rùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí mọ́tò oníná dé ibẹ̀. Ìsopọ̀ tí kò dáa ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kò tíì sí ohun tó fà á débi tí yóò fi fara hàn ni.

Kí n tó gbé mítà ìwọnná mi jáde, mo jókòó ti Màmá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Wọ́n ní oṣù kẹsàn-án ni mọ́tò dé, òjò ṣì ń rọ̀, kò sì yọ wọ́n lẹ́nu títí òjò fi dáwọ́ dúró. Nígbà tí oṣù kejìlá wọlé ni iná pupa bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lára ṣájà. Nígbà mìíràn yóò gbaná fún ìdajì wákàtí, yóò sì dúró. Láti nǹkan bí aago méje alẹ́ sí mẹ́wàá, kì í gbà rárá. Lórí jẹnẹrétọ̀, kò gbà á rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n wá pe ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ iná ládùúgbò, ó ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ṣe nǹkan kan níbẹ̀, iná aláwọ̀ ewé sì tàn. Ó gbaná fún bí ọjọ́ mẹ́rin, kí òórùn yìí tó bẹ̀rẹ̀. Màmá ti gbà lọ́kàn ara wọn pé bátìrì ló ń kú lọ, wọ́n sì ti ń dá omi lójú nítorí owó tí ọmọ ná sí i.

Mo fi dá wọn lójú pé ohun tí wọ́n sọ kò jọ ti bátìrì. Bátìrì tó ń kú kì í mọ aago méje alẹ́ yàtọ̀ sí aago méjì òru. Ilé ló ń ṣe irú ìyẹn.

Ohun tó ń rùn kò fara pamọ́. Ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n ni, èyí tí wọ́n fi ń fa iná láti yàrá iwájú dé ibi tí mọ́tò ń sùn. Wayà inú rẹ̀ kò nípọn tó èyí tí a fi ń tan gílóòbù, wọ́n sì ká èyí tó ṣẹ́kù jọ bí òrùka nídìí ògiri kí ó má baà dí ọ̀nà. Wayà tí a ká jọ báyẹn kò rí ibi tú ooru ara rẹ̀ sí. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti yọ́ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, bíríkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti dúdú. Mo gé e dànù. Púlọ́ọ̀gì ṣájà fúnra rẹ̀ kò yọ́, ẹsẹ̀ kan rẹ̀ ló kàn yí àwọ̀ padà. Ẹni tó bá ní mọ́tò oníná tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, mo bẹ̀ yín: ẹ má fi ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n ọjà ṣáàjì mọ́tò, bó ti wù kí ilé ìtajà yìn ín tó.

Ká ní mo dúró síbẹ̀, Màmá ì bá dúpẹ́, n ó gba owó mi, mọ́tò ì bá sì tún gbaná lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n kò lè ṣàlàyé iná pupa oṣù kejìlá.

Ó yẹ kí n sọ bí àpótí yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló rò pé òun ló ń ṣáàjì bátìrì. Òun kọ́. Inú mọ́tò ni ẹ̀rọ tó ń ṣe ìyẹn wà. Asọ́bodè ni àpótí náà. Ó kọ́kọ́ ń yẹ ilé wò: ṣé fóòtì tó? Ṣé wayà ilẹ̀, tí àwa ń pè ní áàtì, wà níbẹ̀ lóòótọ́? Lẹ́yìn náà, ó ń bá mọ́tò sọ̀rọ̀ lórí wayà tín-ín-rín kan. Fóòtì 12 ló máa ń wà lórí wayà yẹn nígbà tí kò sí mọ́tò lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá ti kì í bọ mọ́tò, yóò wálẹ̀ sí 9. Bí mọ́tò bá sì ti ṣe tán, mọ́tò fúnra rẹ̀ á fà á wálẹ̀ sí 6. Lórí wayà kan náà ni àpótí ti ń ta ìró tí a kò lè fetí gbọ́, ẹgbẹ̀rún kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ìró kọ̀ọ̀kan sì ṣe pẹ́ tó ló ń sọ fún mọ́tò pé áńpì báyìí ni kó fà, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ara wọn yé, ẹ ó gbọ́ "tàà!" nínú àpótí. Ìgbà yẹn gan-an ni iná gidi ń wọlé.

Nítorí náà, etí ni mo kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́. Bí iná pupa bá tàn kí "tàà" tó dún, mọ́tò kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ náà, ilé ni kí a yẹ̀ wò. Bí iná bá jẹ́ aláwọ̀ ewé tí "tàà" kò sì dún, ẹ wo mọ́tò, kí ẹ sì kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan ti ṣètò aago ìgbaná sínú rẹ̀ láìmọ̀. Ti Màmá, kí "tàà" tó dún ni pupa máa ń tàn.

Mo ní kí Màmá sún mọ́tò mọ́ fèrèsé kí ṣájà lè dé sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn tó wà lórí wayà kan náà nínú yàrá iwájú, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ọmọkùnrin yẹn ṣí. A tan bréékà. Aláwọ̀ ewé, "tàà", ó ń gbaná. Mo wọn fóòtì lẹ́nu mítà ilé: 207. Mo wọn ọ́n ní sọ́kẹ́ẹ̀tì bí mọ́tò ṣe ń fà á: 189. Fóòtì 18 ti sọ nù láàárín ilé. Wayà kọ́pà 2.5 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí wayà ṣe nípọn tó) tó dáa, bí ó bá gùn tó mítà 20, kò yẹ kó gbé ju fóòtì 4 lọ lórí áńpì 10. Fóòtì 18 lọ́nà áńpì 10 jẹ́ wáàtì 180. Wáàtì 180 ń jó níbì kan nínú ilé yẹn, n kò sì tíì mọ ibi tó wà.

Ibi tí mo ti ń ronú àjà ni Màmá ti sọ ọ̀rọ̀ kan bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan. Wọ́n ní: "Ó tiẹ̀ gbọ̀n mí lọ́wọ́ bíńtín lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tí mò ń fọ̀ ọ́. Mo rò pé ọyẹ́ ni."

Àyà mi já. Mo bi wọ́n bóyá ṣájà wà lẹ́nu mọ́tò lásìkò yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni. Bàtà ńkọ́? Ẹsẹ̀ lásán, nínú omi. Mo gún ọ̀pá irin kan wọ ilẹ̀ tútù nídìí ẹ̀rọ omi, mo fi ẹnu kan mítà mi kàn án, mo fi ẹnu kejì kan bóòtù kan lábẹ́ mọ́tò. Fóòtì 38. Ara mọ́tò tó yẹ kó wà ní òdo ló gbé fóòtì 38.

Mo pa iná, mo ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wayà pélébé kan wà níbẹ̀, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ó so ojú níútírà, wayà tí iná ń gbà padà, mọ́ ojú áàtì.

Ó wá yé mi. Àpótí ń wá áàtì, kò rí i, ó tan pupa. Ọmọkùnrin náà fi wayà yẹn tàn án jẹ: níútírà kan ilẹ̀ lọ́dọ̀ tiransifọ́mà, nítorí náà àpótí rí i bí ẹni pé áàtì wà, ó sì ṣílẹ̀kùn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Níútírà kì í ṣe òdo nínú ilé wa. Ó ń gbé iná padà lọ, gbogbo ibi tó bá sì ti fún un lọ́rùn, fóòtì á dìde lórí rẹ̀. Ní ti Màmá, ìsopọ̀ burúkú kan lórí níútírà inú ilé ló mú apá kan fóòtì 38 yẹn wá, apá tó kù wá láti orí wayà ìta. Nítorí pé wọ́n ti so níútírà mọ́ áàtì, gbogbo rẹ̀ bọ́ sórí páànù mọ́tò.

Fóòtì 38 gan-an kọ́ ló dẹ́rù bà mí. Ká ní ìsopọ̀ yẹn já pátápátá ńkọ́? Iná á gba láìfù, wayà tó ń gbé iná wá, wọ inú mọ́tò, á jáde sí níútírà, á rí i pé ọ̀nà ti dí, á sì gba wayà pélébé yẹn bọ́ sára mọ́tò. Gbogbo ara mọ́tò á di láìfù, ẹni tó bá sì fi ẹsẹ̀ tútù di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú lè kú síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá gun òpó lóru tó ń wá ìlà tí iná rẹ̀ lágbára, tó wá gbé láìfù sí àyè níútírà, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀. A sì mọ bí wọ́n ṣe ń gun òpó ládùúgbò wa.

Mo yọ wayà náà. Pupa padà lójú ẹsẹ̀. Mo sọ fún Màmá pé pupa yẹn ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, láti oṣù kejìlá ló ti ń kìlọ̀ fún wa.

Lórí àjà ni mo ti rí wáàtì 180. Nígbà tí wọ́n fa yàrá iwájú kún ilé, ẹni tó ṣiṣẹ́ náà fi wayà 1.5 so mọ́ 2.5, ó yí wọn pọ̀ lọ́wọ́, ó fi téèpù wé e. Téèpù ti gbẹ di ìyẹ̀fun. Igi tó gbé e dúró ti dúdú ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́.

Ẹ̀yìn ilé ni áàtì wà, tàbí ibi tó yẹ kó wà. Ọ̀pá kan ṣoṣo, kò wọlẹ̀ ju ìdajì mítà lọ, àwọn tó tún ògiri ọgbà mọ ti fi ṣọ́bìrì gbá ohun tó di wayà mú lára rẹ̀, ìpẹtà sì ti jẹ ìyókù. Mo yá ẹ̀rọ tí a fi ń wọn áàtì lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ó kà óòmù 410; bó bá ṣe kéré tó ni áàtì ṣe dára tó. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò fi gbaná nígbà òjò. Ilẹ̀ tútù ń gbé iná, ilẹ̀ ọyẹ́ kò gbé e. Bí òjò ṣe lọ tí erùpẹ̀ pupa wa yẹn gbẹ, àpótí kò rí áàtì tó lè fọkàn tán mọ́. Mo gún ọ̀pá kọ́pà méjì, mítà 1.2 lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi àyè tó tó mítà méjì ààbọ̀ sáàárín wọn, wayà kọ́pà 16 sì so wọ́n pọ̀. Mo da èédú sí ìdí wọn. Iyọ̀ tí gbogbo wa ń dà, díẹ̀ ni mo lò, nítorí òjò máa ń ṣàn án lọ, ó sì ń jẹ ọ̀pá. Lẹ́yìn tí a bomi rin ín, ẹ̀rọ kà 31.

Mo wá fa wayà tuntun, oní 4, láti àpótí bréékà tààrà dé ibi tí mọ́tò ń sùn, kò ya yàrá kankan. Bréékà tirẹ̀ nìkan ló ni, áńpì 20, àti èyí tí wọ́n kọ RCD sí lára, oní-mílì-áńpì 30. Bréékà lásán ń ṣọ́ wayà kó má jóná. RCD ló ń ṣọ́ èèyàn: ó ń wo iná tó jáde àti iná tó padà, bí ìwọ̀nba bíńtín bá ti gba ibòmíràn lọ, yóò já. N kò gbà kí ilé kankan ṣáàjì mọ́tò láìsí i. Màmá ní owó rẹ̀ pọ̀. Mo ní kí wọ́n san án díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní kúrò níbẹ̀ kí n má fi í sílẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ní aago mẹ́jọ, pupa tún tàn. Ojú Màmá fà ro. Mo wọn ọ́n lẹ́nu mítà ilé: 164. Ìyẹn kì í ṣe ti inú ilé, gbogbo àdúgbò ló ń tan iná lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá aládùúgbò dá a lábàá pé ká ra sitébiláísà ńlá. Mo ṣàlàyé fún wọn tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀: sitébiláísà kì í dá iná. Láti fún mọ́tò ní áńpì 10 lórí fóòtì 220, yóò fa áńpì tó lé ní 13 lórí 164, ìlà àdúgbò á sì tún rẹlẹ̀ sí i, títí kan ti Bàbá fúnra wọn. Mo wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i ní aago méjìlá òru, ó ti di 216. A ṣètò aago inú mọ́tò kó máa gbaná láti méjìlá sí márùn-ún. Wákàtí márùn-ún á fún un ní bíi yúníìtì 11 tí iná kò bá lọ, ìyẹn sì tó fún Iléṣà àlọ àti àbọ̀.

Ti jẹnẹrétọ̀ rọrùn. Wayà inú rẹ̀ kò kan ilẹ̀ níbì kankan, nítorí náà àpótí kò lè rí áàtì bó ti wù kí ọ̀pá wa dára tó. Ṣéńjì-ófà ilé Màmá ń gé láìfù àti níútírà pọ̀, mo sì so níútírà jẹnẹrétọ̀ mọ́ áàtì lẹ́nu jẹnẹrétọ̀ gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀kan náà ni èyí àti wayà pélébé inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Orísun iná nìkan ni ibi tí a ti ń so wọ́n pọ̀, ṣáájú RCD. Bí ẹ bá so ó nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ti gbé níútírà lé ara mọ́tò. A tún tẹ ṣájà wálẹ̀ sí áńpì 6, wáàtì 1,380, kí jẹnẹrétọ̀ má baà máa kérora.

Mo pe ọmọkùnrin náà wá ní ọjọ́ Ajé. N kò bá a jà. Mo fi mítà hàn án, mo sọ ohun tó kà lára mọ́tò, mo sì bi í bóyá ó mọ̀ pé Màmá ń fẹsẹ̀ lásán fọ̀ ọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ilé méjì mìíràn sì wà tí òun ti ṣe irú rẹ̀, fún ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń gbọ̀n èèyàn. A jọ lọ sí ilé méjèèjì ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, a yọ ọ́.

Mo padà sọ́dọ̀ Màmá lópin oṣù kejì. Fóòtì tó ń sọ nù láàárín mítà ilé àti sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́tò ti di 2. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tó ti ń gbaná, púlọ́ọ̀gì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́, kò gbóná. Ara mọ́tò sí ilẹ̀ kò tó fóòtì kan. Ohun tó kù ni àwọn ìsopọ̀ yòókù lórí àjà: mo ka mẹ́rin tí wọ́n fi téèpù wé bíi ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn Àjíǹde ni a fi àdéhùn sí. Títí dìgbà náà, mo ti pa bréékà yàrá iwájú, Màmá sì ń lọṣọ nínú yàrá ìdáná.